Àpò Lẹ́tà Tí Kò Lámì

Ní Sátidé àkọ́kọ́ tí Tíṣà Alámì fi owó náà hàn mí, igun rẹ̀ ìsàlẹ̀ lápá òsì ya. Ní Sátidé kejì, kò ya mọ́. N kò sọ pé wọ́n lẹ̀ ẹ́ o. Mo ní kò ya mọ́.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ló ń sọ̀rọ̀. Títún ìwé àtijọ́ ṣe ni mo fi ń jẹun láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n sẹ́yìn: Bíbélì ìdílé tí ikán ti jẹ, ìwé-ẹ̀rí tí omi dà sí, fọ́tò ìgbéyàwó tí ẹnì kan fi ìbínú fà ya tó wá ń bẹ̀ mí pé kí n bá òun dá a padà. Mo ń lẹ̀ wọ́n, mo ń rán wọn, mo sì ń kan férémù fún wọn. Kò sí ìwé tí wọ́n tún ṣe tí n kò ní rí ojú ibi tí wọ́n ti tún un ṣe, kódà bó jẹ́ èmi gan-an ni mo ṣe é. Gbé e sójú fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá, àpá rẹ̀ á jáde. Mo gbé owó yìí sójú fèrèsé, mo yí i síwá sẹ́yìn, mo fi awò mi wò ó. Kò ní àpá kankan.

Èmi àti Tíṣà jọ wọ ilé-ìwé lọ́jọ́ kan náà ni. Ó fi ọdún márùndínlógójì kọ́ àwọn ọmọ bí a ti ń kọ èdè wa sílẹ̀, ohun tó sì mú un lọ́kàn jù ni àmì orí ọ̀rọ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé pátákó sẹ́nu ọ̀nà ìsọ̀ mi, A N TUN IWE SE ni mo kọ sí i. Tíṣà wò ó, ó mi orí, ó wọlé lọ gbé àga mi jáde, ó gorí rẹ̀, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì to gbogbo àmì náà síbẹ̀ lójú àwọn tó ń kọjá. Bí wọ́n ṣe ń pè é ní Alámì nìyẹn. Inú rẹ̀ sì dùn sí orúkọ náà ju oyè lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tó dè wá pọ̀ gan-an ni owó Páṣíà, ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Ìránì lónìí. Owó bébà tí wọ́n ná níbẹ̀ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún àti díẹ̀ sẹ́yìn ni a ń kó jọ. Ìwé kan tí a jọ yá kà nígbà tí a ṣì jẹ́ ọ̀dọ́ ló kó wa sí i. Ọba wọn wà lójú rẹ̀, irunmú rẹ̀ nà sọ́tùn-ún sósì, fìlà rẹ̀ ga, ìyẹ́ sì wà níwájú fìlà náà. Èyí tó wù wá jù ni pé wọ́n máa ń tẹ orúkọ ìlú kan sórí owó kọ̀ọ̀kan, ìlú yẹn nìkan ni báńkì sì ti lè gbà á lọ́wọ́ rẹ. Bí o bá gbé e dé ìlú kejì, bébà lásán ni. Nítorí náà, ẹni tó ń kó owó Páṣíà jọ, ìlú ló ń kó jọ. A ń kọ lẹ́tà sí òkè òkun, a ń ṣe pàṣípààrọ̀, àdéhùn wa sì ni pé ẹni tó bá ní méjì á fún ẹnì kejì ní ọ̀kan. Lẹ́yìn ọdún mọ́kàndínlógún, gbogbo ìlú tó wà nínú ìwé yẹn ti wà lọ́wọ́ olúkúlùkù wa, àfi ọ̀kan ṣoṣo: ti ìlú èbúté kan létí òkun, tòmáànì márùn-ún, bí wọ́n ti ń pe owó wọn níbẹ̀.

Òun gan-an ni Tíṣà gbé síwájú mi lórí tábìlì rẹ̀ ní Sátidé yẹn.

Aláago àdúgbò wa ló kú. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí Tíṣà ti kọ́ nílé-ìwé rí, ló ń palẹ̀ ìsọ̀ bàbá rẹ̀ mọ́. Ó rí owó náà nínú àpótí, ó rántí pé tíṣà òun fẹ́ràn irú rẹ̀, ó sì gbé e fún un. Ó kàn fún un ni! Èmi tí mo ti kọ lẹ́tà títí ọwọ́ mi fẹ́ẹ̀ yọ, èmi tí mo máa ń gba iwájú ìsọ̀ aláago yẹn kọjá lójoojúmọ́.

Inú àpò lẹ́tà aláwọ̀ ilẹ̀ kan ló wà. Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí ara rẹ̀, láìfi àmì kankan sí i: Owu lo je.

Tíṣà fa pẹ́ńsù yọ lẹ́yìn etí rẹ̀. Kò lè mú un mọ́ra. Ó fi àmì sí i bó ṣe máa ń fi sí ìwé àwọn ọmọ: Òwú ló jẹ́.

“Aláago mọ nǹkan,” ó ní. “Òwú ni wọ́n fi ń ṣe bébà owó. Kì í ṣe igi bíi ti ìwé wa yìí.”

“Òótọ́ ni,” mo ní. Mo ti fi ìka pa á wò, mo mọ̀ pé òwú ni.

Mo kí i kú oríire. Mo dì mọ́ ọn. Lẹ́yìn náà ni mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀, mo sì wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀ lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo wá dúró síbẹ̀. N kò tọ̀. Mo ń wo ojú mi nínú dígí ni. Kí ló dé tó fi jẹ́ òun? Ẹni tó dára ni, kò fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, àní ó ti ní òun á bá mi bi ọmọ aláago bóyá èkejì wà. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù. Bó bá jẹ́ pé ó fọ́nnu ni, ǹ bá rí nǹkan bínú sí.

Nígbà tí mo délé lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ àtàǹpàkò òsì mi ti ya, gígùn rẹ̀ kò ju hóró ìrẹsì kan lọ. Kò ṣẹ̀jẹ̀, kò sì dùn mí. Mo ní ọ̀bẹ iṣẹ́ ni, mo lẹ báńdéèjì mọ́ ọn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e ni mo bá igun owó náà tó ti pé.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn, ayọ̀ ni. Mo ní háà, Tíṣà ti fọwọ́ kàn án. Láàárín àwa tí a ń kó owó àtijọ́ jọ, ẹni tó bá tún owó ṣe láìsọ, oníjìbìtì ni. Èyí tó wá burú jù ni kí èèyàn fọ owó kó sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́, nítorí yíǹkì máa ń hu sókè díẹ̀ lójú bébà, áyọ́ọ̀nù á sì tẹ̀ ẹ́ ní àtẹ̀pa. Owó náà á mọ́, á gún, á sì ti kú. N kò sọ nǹkan kan fún Tíṣà lọ́jọ́ náà. Mo mú ìfura yẹn lọ sílé, mo sì ń tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin.

Owó náà ní ìlà kan láàárín, níbi tí wọ́n ti ká a fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ní òmíràn tó dábùú, ó sì ní ihò abẹ́rẹ́ méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọba, nítorí wọ́n máa ń fi abẹ́rẹ́ so owó pọ̀ nígbà náà. Ní Sátidé kẹta, mo wá ìlà àárín tì.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyàwó mi ń ki okùn sí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó wò mí, ó sì dẹ́kun.

“Ẹ̀yin, irú oorun wo lẹ sùn?”

“Kí ló ṣẹlẹ̀?”

“Ẹ lọ wo ojú yín.”

Ìlà tín-ín-rín kan sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú orí mi, ó gba àárín imú, ó gba ètè, ó dé àgbọ̀n. Ó gún bí èyí tí wọ́n fi rúlà fà. Ìyàwó mi fi ìpara pa á, ó fi omi gbígbóná tẹ̀ ẹ́, kò lọ.

“Ìrònú ni,” ó ní. “Ẹ ò sùn dáadáa mọ́. Owó Tíṣà, owó Tíṣà, lójoojúmọ́. Bí mo bá ní orogún, mi ò lè jowú tó báyìí láéláé. Bébà mà lẹ ń jowú sí!”

Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Bí mo ṣe ń rẹ́rìn-ín ni awọ ojú mi ká lójú ìlà náà, mo sì mọ̀ ọ́n lára.

Ní Sátidé kẹrin, èyí tó dábùú lára owó náà ti lọ. Ìlà kejì sì ti wà lójú tèmi, láti etí dé etí, lábẹ́ ojú méjèèjì. Ihò abẹ́rẹ́ náà ti dí. Mo gbé ọwọ́ lọ sí èjìká mi lábẹ́ ẹ̀wù, níbi tó ti ń yún mi láti àná, ìka mi sì bá ihò kéékèèké méjì tí wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Síbẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí mò ń rò. N kò ro ara mi. Ohun tí mò ń rò ni pé owó náà ti rẹwà jù. Àwọ̀ ewé rẹ̀ ti jinlẹ̀, irunmú ọba ti dúdú, a lè ka ìyẹ́ fìlà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni láyé, lọ́wọ́ Tíṣà ló sì wà.

“O ti lọ̀ ọ́,” mo ní.

“Kí ni mo lọ̀?”

“Má ṣe bí ẹni tí kò mọ̀. O fọ owó yìí, o sì fi áyọ́ọ̀nù lọ̀ ọ́. Ìwọ tó o máa ń bínú nítorí àmì orí ọ̀rọ̀, o wá ń ṣe jìbìtì nílé rẹ.”

Tíṣà kò pariwo. Kò pariwo rí láyé rẹ̀. “Èmi?” ló kàn sọ. “Ọ̀rẹ́ mi, mi ò kì í mú un jáde nínú àpò lẹ́tà àfi tí o bá wá.”

Ó fa awò sọ́dọ̀, ó wo owó náà pẹ́. Lẹ́yìn náà ó gbójú sókè wo mí, ó sì pẹ́ ju ìyẹn lọ. Mo rí ìka rẹ̀ tó gbéra díẹ̀ lórí tábìlì, tó ń fa ìlà nínú afẹ́fẹ́, láti òkè wá sílẹ̀, láti òsì sí ọ̀tún. Ojú rẹ̀ lọ sí báńdéèjì àtàǹpàkò mi. Ó wá rọra ti owó náà bọ inú àpò lẹ́tà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

“Máa lọ sílé,” ó ní, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí mo ní láti tẹ̀ síwájú kí n tó gbọ́. “Jọ̀ọ́. Má sì wá ní Sátidé tó ń bọ̀.”

“O ò fẹ́ kí n rí i mọ́?”

“Mi ò fẹ́ kí o rí i mọ́.”

Mo jáde. Láti ọgbọ̀n ọdún, Sátidé kan kò kọjá kí n má jókòó sí yàrá yẹn, àfi ìgbà tí mo ṣàìsàn àti ìgbà tí ìyàwó rẹ̀ kú. Ó lé mi nítorí bébà. Bí mo ṣe túmọ̀ rẹ̀ nìyẹn.

Bó bá jẹ́ pé owú tí mo jẹ nígbà tí mò ń rí owó náà pọ̀, èyí tí mo jẹ nígbà tí n kò rí i mọ́ kò ṣeé sọ. Mò ń rí i bí mo bá dijú. Mò ń rí i lójú Bíbélì tí mò ń rán. Mo gé ìwé-ẹ̀rí oníbàárà kan sí méjì, èmi tí n kò ṣe irú rẹ̀ rí. Mo máa ń yà gba iwájú ilé Tíṣà kọjá lọ́sàn-án, mo máa ń rí kọ́tìnì rẹ̀ tó wà ní títì, mo sì ń sọ lọ́kàn mi pé ó ń wò ó níbẹ̀ ní òun nìkan.

Ara mi ń tán lọ. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi kéré. Mo lọ sí ọ́fíìsì àwọn onífóònù láti tún nọ́ńbà mi forúkọ sílẹ̀, ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní kí n gbé ìka lé ẹ̀rọ. Mo gbé e. Ó ní kí n nu ọwọ́ mi, mo nù ún. Ó fi aṣọ nu ojú ẹ̀rọ náà. Níkẹyìn ó di ìka mi mú, ó yí i sókè, ó sì yára fi í sílẹ̀.

“Bàbá,” ó ní jẹ́jẹ́, “ìka yín dán. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀.”

Nínú ìsọ̀ mi, bí fáànù bá yí sọ́dọ̀ mi, mo máa ń gbọ́ ìró kan, ìró bébà tó ń gbọ̀n nínú atẹ́gùn. Mo wá gbogbo orí tábìlì, mo fi òkúta lé gbogbo ìwé tó wà níbẹ̀. Ìró náà kò dákẹ́. Ó tó ọjọ́ mẹ́ta kí n tó fọwọ́ bo etí mi, tó sì dákẹ́. Etí mi ló ń gbọ̀n.

Ìyàwó mi lọ bá Tíṣà láìsọ fún mi. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun kúnlẹ̀, òun sì ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi ń parẹ́ mọ́ mi lójú,” àti pé Tíṣà ní kí òun dìde, kí òun máa lọ, òun ti mọ ohun tí òun máa ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ló wọ ìsọ̀ mi. Kò jókòó. Ó yọ àpò lẹ́tà náà nínú àpò ẹ̀wù rẹ̀, ó gbé e lé orí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀.

“Gbà. Tìrẹ ni.”

Mo na ọwọ́ sí i, kò gbé tirẹ̀ kúrò.

“Kì í ṣe yíyá o. Mo fún ọ ni. Sọ pé o gbà á.”

“Mo gbà á.”

“Gbogbo ohun tí mo ní láti sọ, mo ti kọ ọ́ sára àpò lẹ́tà yẹn. Kà á kí o tó ṣí i. Ṣé o gbọ́?”

“Mo gbọ́.”

Ó gbé ọwọ́ kúrò. Ó fi ojú rẹ̀ bá àpò lẹ́tà náà lọ títí mo fi fà á sọ́dọ̀, lẹ́yìn náà ó yí padà, ó sì ń lọ. N kò dúpẹ́. Kò tíì dé ojú títì tí mo fi fa owó náà jáde, tí mo sì ju àpò lẹ́tà sínú dúrọ́ọ̀ láìwò ó.

Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, ara mi bọ̀ sípò. Ìlà ojú mi lọ, ihò èjìká mi dí, mo gbé àtàǹpàkò mi sókè mo sì rí gbogbo ìlà rẹ̀ ní yíyí. Ìyàwó mi kọrin nídìí ẹ̀rọ rẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Ṣùgbọ́n owó náà ń gbó. Ìlà àárín padà wá, èyí tó dábùú padà wá, ihò méjèèjì là, àwọ̀ rẹ̀ ṣá. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, igun òsì rẹ̀ ya.

Mo kọ́kọ́ rò pé Tíṣà ti pààrọ̀ rẹ̀, pé ó gbé èyí tó bàjẹ́ fún mi, ó sì fi èyí tó dára pamọ́. Mo wo nọ́ńbà rẹ̀. Òun náà ni. Mo bá kan férémù tó dára jù tí mo kàn rí fún un, mo fi gíláàsì sí i, mo gbé e kọ́ sára ògiri nínú ìsọ̀ mi, níwájú àga àlejò. Mo wá ránṣẹ́ sí Tíṣà pé kó wá wò ó ní Sátidé.

Ó ní ọwọ́ òun dí. Mo tún ránṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ó ní ara òun kò yá. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo lọ bá a nílé, mo ní ṣé ó ń bínú sí mi ni, ṣé ọ̀rẹ́ àtọmọdé ti tán nìyẹn. Mo mọ ibi tí mo fọwọ́ bà. Ó tẹ̀ lé mi.

Ó jókòó sórí àga náà, ó kọ́kọ́ ń wo ilẹ̀. Mò ń sọ̀rọ̀ nípa férémù, nípa gíláàsì, nípa bí gbogbo ìlú mi ti wá pé báyìí. Nígbà tó yá ó gbójú sókè. N kò ní purọ́ fún yín. Mo ti ń wo ojú Tíṣà láti ìgbà tí a wà lọ́mọdé, nígbà tó gba ipò kìíní, nígbà tó fẹ́ ọmọbìnrin tí èmi náà ń wò, nígbà tó rí owó yìí ṣáájú mi. N kò rí i rí kó wo nǹkan ẹlòmíràn bó ṣe wo ara ògiri mi lọ́jọ́ yẹn. Inú mi dùn. Ó dùn débi pé mo po tíì fún un lẹ́ẹ̀mejì kó má baà tètè lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè tí mo ṣí ìsọ̀, igun owó náà kò ya mọ́.

Mo wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà mo ṣí dúrọ́ọ̀, mo mú àpò lẹ́tà náà lọ sójú fèrèsé, mo dá a dùbúlẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí mo ṣe máa ń wo ìwé tí wọ́n ti pa nǹkan rẹ́ lára rẹ̀. Àwọn àmì àkọ́kọ́ tí Tíṣà fi sí i ti di ojú ibi tí rọ́bà ti ha bébà. Tuntun ló wà lórí wọn: Owú ló jẹ.

Mo yí i padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ kún fún ìkọ̀wé Tíṣà, gbogbo àmì rẹ̀ pé.

Ọ̀rẹ́ mi, mo ṣì í. Kì í ṣe òwú, owú ni. Owú ni oúnjẹ rẹ̀. Mo lọ bi ọmọ aláago. Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n sin àbúrò bàbá òun ni bàbá òun kọ ọ́ síbẹ̀. Àbúrò náà máa ń wá wo owó yìí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, títí kò fi sẹ́ni tó lè dá ojú rẹ̀ mọ̀ mọ́. Ẹni tó bá ni ín kì í jowú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fún ọ. Mo gbìyànjú láti sun ún, ọwọ́ mi kò gbà. Má fi hàn ẹnikẹ́ni. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, má fi hàn mí.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo joyè ọ̀rẹ́ burúkú lójú ara mi lọ́jọ́ náà, mo sì sunkún. Mo gbé férémù sílẹ̀ lára ògiri, mo yọ owó náà kúrò lábẹ́ gíláàsì, mo mú ìṣáná. Mo ṣá a, mo gbé e súnmọ́ ọn, iná náà jó dé ìka mi, mo sì jù ú sílẹ̀. Àwọ̀ ewé rẹ̀ ti ń padà bọ̀ nígbà náà, ẹ ò lè mọ bó ṣe rí. Mo dá a padà sínú férémù, mo sì gbé e padà kọ́.

Ní Sátidé tó kọjá, Tíṣà wá láìjẹ́ pé mo pè é. Báńdéèjì wà ní àtàǹpàkò òsì rẹ̀. Ó ní òun kò mọ ohun tó ṣe òun, òun kò lè jókòó sílé. Ó wo owó náà títí tíì rẹ̀ fi tutù. Nígbà tó fẹ́ lọ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, lábẹ́ pátákó tó ti fi àmì sí fún mi lọ́jọ́sí, kò sì kọjú sí mi.

“Ṣé o ka ara àpò lẹ́tà yẹn?” ó béèrè.

Mo mọ ohun tó ń bẹ̀ mí fún. Ó fẹ́ kí n sọ pé mo kà á, kí n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun, bí òun ti ti tirẹ̀ mọ́ mi.

“Àpò lẹ́tà wo?” mo ní.

Ó mi orí lẹ́ẹ̀kan. Ó yí padà láti kí mi pé ó dàbọ̀, ìmọ́lẹ̀ ojú títì sì bọ́ sí i lójú. Ìlà kan ti bẹ̀rẹ̀ níwájú orí rẹ̀, kò tíì dé imú.

Lára owó náà, ìlà àárín ti lọ dé ìdajì. Ọ̀la ni Sátidé. Mo ti nu àga rẹ̀, mo sì ti sún un mọ́ ògiri díẹ̀ sí i, kó lè rí i dáadáa.